Áńdófà Agogo Méjì

Ìka méjì ni Làsísì fi sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ kan ní Ìkẹjà nígbà tí kò tíì ju ọ̀dọ́mọkùnrin tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni, ìka tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀lé e. Àwọn ìka náà kò dùn ún tó irọ́ tí wọ́n fi sin wọ́n.

Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ike ṣe korobá ni. Ẹ̀rọ náà ní ilẹ̀kùn irin níwájú. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ìgbà tí èèyàn bá pa á dé ni irin ńláńlá méjì inú rẹ̀ á tó pàdé. Súwíìṣì kékeré kan tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Ezekiel, ọkùnrin Èkìtì tó ṣiṣẹ́ òwúrọ̀ lọ́jọ́ náà, ti fi wáyà so súwíìṣì náà mọ́lẹ̀, kí ẹ̀rọ má bàa dúró bí ilẹ̀kùn bá ṣí, kí iṣẹ́ lè yá, kí wọ́n lè máa yìn ín. Nígbà tí fèrè dún, ó gbé àpò rẹ̀, ó gba ilé lọ. Kò sọ fún Làsísì, ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, pé wáyà wà níbẹ̀.

Wọ́n pe àwọn méjèèjì sí ọ́fíìsì nígbà tí ọwọ́ Làsísì ṣì wà nínú báńdéèjì. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá bi Ezekiel léèrè ọ̀rọ̀. Ezekiel tẹjú mọ́ ògiri, ó ní, "I handed over to him, sir."

Òyìnbó yíjú sí Làsísì. "Did he hand over to you?"

Kíláàsì kẹta ni Làsísì ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́, lọ́dún tí bàbá rẹ̀ kú. Ó mọ hand. Ó mọ over. Nígbà tí wọ́n so méjèèjì pọ̀, kò mọ ohun tí wọ́n dà. Ó bá ṣe ohun tí òṣìṣẹ́ máa ń ṣe níwájú òyìnbó. Ó ní, "Yes, sir."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Wọ́n ní wọ́n ti kìlọ̀ fún un, etí ikún ló kọ sí i, kó máa lọ sílé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí akọ̀wé kan nílé tí ó ń gbé ní Agége tó là á yé e pé bí èèyàn bá ń ṣíwọ́, tó fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tó sì sọ gbogbo ohun tó yẹ kí onítọ̀hún mọ̀ fún un, òun ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hand over. Làsísì jókòó sórí ẹní, kò lè dìde. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ síta. Láti ọjọ́ náà ló ti gbé Ezekiel mì, kò sì pọ̀ ọ́ mọ́.

Ọdún gorí ọdún. Ó wá di ọdún tí àwọn ṣọ́jà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú, tí rédíò kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu àfi hand over láàárọ̀, hand over lálẹ́. Bí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, Làsísì á nawọ́ pa rédíò. Nígbà yẹn, ó ti ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Ìkẹjà kan náà, níbi tí wọ́n ti ń fi ike ṣe òòyà. Òun ló ń ṣiṣẹ́ òwúrọ̀ nídìí ẹ̀rọ àgbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Olóòyà.

Níbẹ̀, ó dá àṣà kan sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Bí agogo méjì bá lù, kò ní gbé àpò rẹ̀ títí yóò fi ro ẹjọ́ ẹ̀rọ náà láti orí dé ẹsẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbà á. Onítọ̀hún á sì tún un rò padà fún un, bíi kéwú. Àwọn ará ibi iṣẹ́ sọ ọ́ ní Baba Áńdófà. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, kò ní dáhùn.

Ọ̀sán kan, bí fèrè ti dún, ó gbójú sókè. Oòrùn ń gba fèrèsé òkè wọlé, eruku ike pupa àti ti aláwọ̀ ewé ń jó nínú rẹ̀, inú eruku yẹn ni ọmọbìnrin kan ti jáde. Aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n fún un tóbi débi pé ó ká apá rẹ̀ dé ìgúnpá. Ṣíkáàfù òféèfé ló wé, ó ń jẹ ìpékeré lọ ní tirẹ̀, ó ń wo àwọn ẹ̀rọ bí ẹni tó wá yan èyí tó máa rà. Làsísì gbàgbé pé òróró wà lọ́wọ́ òun, ó fi nu ojú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀ọ̀dá. Bọ́sẹ̀dé ni mo ń jẹ́. Wọ́n ní kí n wá gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ yín."

"Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń gbà á fún ọ?"

"Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ jẹun yó. Wọ́n ní ẹ máa ń rojọ́ ju lọ́yà lọ."

Làsísì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Ẹ̀rọ yìí dàgbà ju èmi àtìwọ lọ. Bó bá gbóná, á máa tu òróró láti ẹsẹ̀ òsì, nítorí náà má dúró síbẹ̀. Òòyà tó wà ní igun yìí máa ń lẹ̀. Má fi èékánná ha á, igi pẹlẹbẹ yìí ni kí o fi yọ ọ́. Ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń ké bí ológbò tí ebi ń pa. Ìyẹn ò burú. Ọjọ́ tí kò bá ké mọ́ ni kí ẹ̀rù bà ọ́. Ó yá, tún un sọ."

Bọ́sẹ̀dé gbé ìpékeré tó kù mì. Ó tún un sọ, kò fo nǹkan kan, ṣùgbọ́n ohùn Làsísì gan-an ló fi sọ ọ́, pẹ̀lú bó ṣe máa ń ki ọrùn síwájú bíi tòlótòló. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ kejì bú sẹ́rìn-ín. Làsísì fẹ́ bínú, ó wá ìbínú tì. Ẹ̀rín ló bá lẹ́nu ara rẹ̀.

Ó na òòyà kan sí i kó fi wò ó. Ìgbà yẹn ni ojú ọmọbìnrin náà bà lé ọwọ́ rẹ̀, níbi tí ìka kò sí. Kò yára gbójú kúrò, kò sì bèèrè. Ojú rẹ̀ dúró níbẹ̀ bí ẹni tó ń kí èèyàn, lẹ́yìn náà ló gba òòyà.

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí àyè mìíràn fún wọn. Bí ọ̀kan bá ń wọlé ni èkejì ń jáde. Ojúmọ́ tiwọn kò ju ìwọ̀nba àkókò tí ẹ̀rọ fi ń sinmi lọ. Bọ́sẹ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé. Làsísì náà bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ jáde. Àwọn àbùkù ara Ìyá Olóòyà ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, àwọn kan nínú wọn kò sì sí rárá, àwọn méjèèjì sì mọ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀ ike, tí wọ́n da ti pupa kúrò, tí wọ́n sì da ti òféèfé sí i, òòyà tó bá kọ́kọ́ jáde kì í jẹ́ pupa, kì í jẹ́ òféèfé. Àwọ̀ méjèèjì á lọ́ mọ́ra bí èéfín. Inú apẹ̀rẹ̀ ìdalẹ̀nù ni wọ́n ń kó wọn sí kí wọ́n lè tún wọn yọ́. Làsísì á ṣa èyí tó dára jù, á fi sórí ẹ̀rọ, kò ní sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bó bá fi máa di ọjọ́ kejì, òòyà náà á ti wà nínú irun Bọ́sẹ̀dé, lábẹ́ ṣíkáàfù, níbi tó ti yọ orí díẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Làsísì," ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, "ẹ gbọ́ lórí rédíò? Àwọn ṣọ́jà fẹ́ ṣe áńdófà. Ó yẹ kí wọ́n wá fi mọ́tò gbé yín, kí ẹ lọ kọ́ wọn."

"Kí ni màá kọ́ wọn?"

"Kí wọ́n dúró ti ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sọ gbogbo ibi tó ti ń jò."

Olúgbénró, fọ́máànù wọn, rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ojú Làsísì nìkan ni kò tú ká. Bọ́sẹ̀dé rí i, ó sún mọ́ ọn.

"Ẹ kì í pe ọ̀rọ̀ náà. Ẹnu gbogbo èèyàn ló wà, tiyín nìkan ni kò sí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò le. Ẹ ní, I am handing over to you."

"Bí mo bá máa sọ ọ́, màá kọ́kọ́ jẹ irin."

"Kí ni Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe yín?"

Làsísì wo ọwọ́ rẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ó sọ fún un: wáyà, báńdéèjì, òyìnbó, àti "Yes, sir" tó fi dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Bọ́sẹ̀dé kò káàánú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń káàánú alágbe. Inú ló bí i.

"Ta ni ọkùnrin náà?"

"N kì í pe orúkọ rẹ̀. Bí mo bá pè é, á di èèyàn."

Bọ́sẹ̀dé jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ lé èyí tí kò pé náà, ní ojúmọmọ, níwájú àwọn ẹlẹ́rọ gbogbo. Làsísì kò gbọ́ fèrè nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kejì.

Kò pẹ́ sí i ló bá ro ẹjọ́ ẹ̀rọ tán, kò sì gbé àpò rẹ̀. "Bọ́sẹ̀, nǹkan kan ṣì wà tí mo fẹ́ fi lé ọ lọ́wọ́."

"Irú nǹkan wo?"

"Èmi ni. Mi ò dára tó bẹ́ẹ̀. Mo máa ń gbóná láìnídìí. Bí èèyàn bá ṣẹ̀ mí, n kì í gbàgbé, mo lè di í sínú títí dé sàréè. Bí mo bá ti lẹ̀ mọ́ ibì kan, igi pẹlẹbẹ ò lè yọ mí."

"Ẹ máa ń ké bí ológbò?"

"Bí inú bá bí mi, n kì í ké rárá."

"Ìgbà yẹn ni kí ẹ̀rù bà mí." Bọ́sẹ̀dé tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí kò sín in jẹ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ wá kí bàbá mi lọ́jọ́ Àìkú. Èmi nìkan ni wọ́n ní láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, nítorí náà ẹ má ki ọrùn yín síwájú bẹ́ẹ̀ yẹn."

Àgídìngbì ni wọ́n ń gbé, nínú yàrá méjì tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bàbá Bọ́sẹ̀dé ń wa mọ́tò fún àwọn olówó kan ní GRA Ìkẹjà. Bí Làsísì ti wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá náà ní, "Dìde, ọmọ mi, dìde," ó sì na ọwọ́ sí i. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Ọwọ́ ló kọ́kọ́ mọ ọwọ́, kí ojú tó mọ ojú. Àtẹ́lẹwọ́ bàbá náà dé ibi tó yẹ kó bá ìka, kò bá nǹkan kan. Ó ṣe gìrì. Làsísì gbójú sókè. Irun ti funfun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wọlé, ṣùgbọ́n ojú tó tẹjú mọ́ ògiri lọ́jọ́sí náà ni. Ezekiel ni.

Bọ́sẹ̀dé gbé omi tútù wá, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Mùsùlùmí ni ọ́, àbí?" Ezekiel ló sọ bẹ́ẹ̀ níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ gbẹ.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Onígbàgbọ́ ni àwa. Kò lè ṣeé ṣe."

"Bàámi," Bọ́sẹ̀dé ní, "Àǹtí Yẹ́misí tí wọ́n jẹ́ àbúrò yín, ṣebí ilé Alùhájì ni wọ́n wà? Ẹran iléyá wọn tí ẹ jẹ lọ́dún tó kọjá, ṣé kò dùn mọ́ yín ni?"

"Mo ní kò lè ṣeé ṣe."

Làsísì gbé ife omi kalẹ̀, kò fi kan ẹnu. "Ẹ ṣeun, bàbá." Ó jáde. Bọ́sẹ̀dé sá tẹ̀lé e dé ojú títì.

"Kí ni wọ́n ṣe yín? Ẹ̀sìn kọ́ lẹ bínú sí, mo mọ̀ yín."

"Bi í."

"Mò ń bi yín."

"Mo ní kí o lọ bi bàbá rẹ." Ìyẹn nìkan ló sọ.

Bọ́sẹ̀dé bi bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní òun kò rí ọkùnrin náà rí.

Láti ọjọ́ yẹn, nǹkan bàjẹ́ láàárín wọn. Làsísì kò fẹ́ kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti wò ó, imú Ezekiel ni ó ń rí lójú rẹ̀. Bí agogo méjì bá lù, á sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú nípa ẹ̀rọ, á wo ilẹ̀, á lọ. Òòyà aláràbarà kò sí lórí ẹ̀rọ mọ́. Bọ́sẹ̀dé gbìyànjú ẹ̀fẹ̀, ó gbìyànjú ẹ̀bẹ̀, nígbà tó sú u, òun náà dákẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn Ìyá Olóòyà kò ké. Làsísì ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i. Kò ké. Ó mú igi pẹlẹbẹ, ó fi há àárín irin méjèèjì nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì ṣí díẹ̀. Irin náà pàdé pẹ̀lú igbe, ó fọ́ igi náà bí egungun ẹja. Sípíríìngì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èyí tó ń ké, tó sì ń dá ẹ̀rọ dúró bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ti já. Mẹkáníìkì kò tíì dé lọ́jọ́ náà, Olúgbénró wà ní ìpàdé. Làsísì rọra ń bá iṣẹ́ lọ, ó ń ṣọ́ra bí ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ejò kọjá. Ó ní bó bá di ọ̀sán, òun á sọ ọ́.

Fèrè dún. Bọ́sẹ̀dé wọlé, ojú rẹ̀ wú, ó hàn pé ó ti sunkún. "Ẹ káàsán," ó ní, kò wò ó.

Gbogbo ohun tí Làsísì ti di sínú láti ọdún wọ̀nyí ló dìde, ó dí ọ̀nà ọ̀rọ̀. Ó gbé àpò rẹ̀. Ó jáde.

Ó rìn dé ojú irin kó tó mọ̀ pé òun ń rìn. Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lọ sí Agége lọ́wọ́, ó gùn, kò yára, àwọn èèyàn kóra jọ síbẹ̀ tí wọ́n ń dúró kó parí. Làsísì fi ọwọ́ di òpó irin mú. Ó wo ọwọ́ náà lórí òpó.

Ibí yìí náà ni Ezekiel ní láti gbà kọjá lọ́jọ́ náà. Kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Nínú ọkàn rẹ̀, ọkùnrin náà máa ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń so wáyà. Bóyá kò rẹ́rìn-ín. Bóyá ó kàn rẹ̀ ẹ́, bóyá ẹnìkan ti múnú bí i, bóyá òun náà dúró síbí pẹ̀lú àpò léjìká, tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò ní ṣẹlẹ̀. Wáyà àti ẹnu tó dákẹ́, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ó já àpò náà sílẹ̀, ó sáré.

Ó sáré gba iwájú àwọn ilé-iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tú jáde nínú wọn, ó forí sọ wọ́n, wọ́n bú u, kò gbọ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kígbe pé kó fi káàdì rẹ̀ hàn. Ó fò ó kọjá. Gbogbo ẹ̀rọ inú ilé-iṣẹ́ ló ń dún, àfi ọ̀kan. Ìyá Olóòyà dákẹ́.

Làsísì mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi kọ́ ọ.

Ó yọ sí igun. Bọ́sẹ̀dé jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tó dojú dé, ó ká ọwọ́ méjèèjì lẹ́rán sí àyà, gbogbo ìka rẹ̀ pé. Olúgbénró ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú rẹ̀, òógùn ti bò ó.

"Làsísì, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Wá bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí o ti lọ ló ti kọ̀, ó lóun ò ní tan ẹ̀rọ."

"Mi ò tíì gbà á, ọ̀gá," Bọ́sẹ̀dé ní, kò tilẹ̀ yí orí. "Ẹni tó yẹ kó fi lé mi lọ́wọ́ kò sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi pé bí wọn ò bá sọ fún ọ, má fọwọ́ kàn án. Ẹ lé mi lọ bí ẹ bá fẹ́."

Làsísì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí òróró. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ èyí tó yẹ kó dá dúró. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà, ó ṣí ẹnu, ọ̀rọ̀ tí kò gba ẹnu rẹ̀ rí gba ibẹ̀ jáde.

"Bọ́sẹ̀. I want to hand over to you."

Olúgbénró fẹ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó rí ojú rẹ̀, ó gbé e mì.

"Ilẹ̀kùn yìí kò ké mọ́. Sípíríìngì rẹ̀ ti já. Bó tilẹ̀ ṣí sílẹ̀, irin á pàdé. Má ṣe tan án. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tan án."

Olúgbénró wo igi tó fọ́ nílẹ̀, ó wo ọwọ́ ọmọbìnrin náà, ó sì yára lọ wá mẹkáníìkì. Ó ku àwọn méjèèjì pẹ̀lú ẹ̀rọ tó dákẹ́.

"Ẹ ti sọ tán?" Bọ́sẹ̀dé bèèrè.

"Rárá. Ọkùnrin tí mo ní n kì í pe orúkọ rẹ̀, Ezekiel ni."

Bọ́sẹ̀dé yọ òòyà inú irun rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́. "Ezekiel wo?" ó ní, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

"Èyí tó bí ọ." Ó mí kanlẹ̀. "Ó sì ku ẹyọ kan. Lónìí, mo gbé àpò mi, mo lọ. Mi ò sọ fún ọ. Ohun tó ṣe ni mo ṣe."

"Ẹ padà wá."

"Mo ti dé ojú irin."

"Ẹ sáré padà wá. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín, bàtà kan ti bọ́." Bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni omi ń ṣàn lójú òun náà. "Mo ti gbà á, Làsísì. Gbogbo rẹ̀." Ọjọ́ kìíní nìyẹn tó pe orúkọ rẹ̀ lásán láìfi bọ̀ọ̀dá sí i.

Lọ́jọ́ kejì, Bọ́sẹ̀dé tètè dé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

"Mo sọ fún wọn nígbà tí wọ́n ń jẹun lálẹ́ àná," ó ní. "Mo ní, Bàámi, ọkùnrin kan gbé àpò rẹ̀ lọ lónìí láìsọ àbùkù ẹ̀rọ fún mi. Nígbà tó dé ojú irin, ó sáré padà. Ìyẹn nìkan ni mo sọ. Bàbá mi gbé òkèlè sílẹ̀, wọn ò jẹun mọ́."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí ẹ máa kó àwọn èèyàn yín bọ̀."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Làsísì fi òwú nu ọwọ́ fún ìgbà pípẹ́. "Mo fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Kí wọ́n fi ẹnu wọn sọ ọ́."

"Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọn ò bá wá sọ ọ́ ńkọ́?"

Làsísì gbé ìbéèrè náà lọ sílé, ó bá a jí, ó bá a sùn. Ìkùnsínú náà ti pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti bá a jẹun, ó ti bá a gbé yàrá, ó ti dà bí ẹbí tí kò ṣeé lé. Ṣùgbọ́n bó bá dijú, ẹni tó jókòó sórí apẹ̀rẹ̀, tó ká ọwọ́ lẹ́rán, ló ń rí. Nígbà tó yá, ó wọ ilé Àlàmú, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ránṣọ ní Agége.

"Bí wọ́n sọ ọ́ ni, bí wọn ò sọ ọ́ ni, ẹ jẹ́ ká lọ."

Àlàmú yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ta ló fẹ́ sọ kí ni?"

"Ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ ṣáà lọ fọ fìlà yín."

Àwọn alágbádá ti gba ìjọba tán nígbà tí wọ́n gbé iṣu, obì àti oyin lọ sí Àgídìngbì. Kò sí ariwo. Àwọn àgbà díẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú Làsísì, ló bá Àlàmú wá, àwọn ará Èkìtì díẹ̀ jókòó tì Ezekiel ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Àǹtí Yẹ́misí, ìyàwó Alùhájì, ló ṣe agbẹnusọ fún ẹbí ìyàwó. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá tún dá ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sílẹ̀, òun á máa kó ẹran iléyá òun lọ sí ibòmíràn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Bọ́sẹ̀dé jáde nínú aṣọ òfì, òòyà aláràbarà wà nínú irun rẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń rí i. Làsísì dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀, ó dìde, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún pa mọ́ sínú agbádá bó ṣe máa ń ṣe láàárín èrò. Ó ti pinnu. Kò ní retí nǹkan kan.

"Ó ku àdúrà," Àǹtí Yẹ́misí ní. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ dìde, kí ẹ fa ọmọ lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́."

Ezekiel dìde. Ó dúró, kò sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ débi pé àgbà kan nínú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ rò pé àdúrà ti parí, ó ṣe àmín.

"Làsísì," Ezekiel ní. "Fún mi lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀tún."

Làsísì wò ó. Ó rọra yọ ọwọ́ náà láti inú agbádá. Bàbá arúgbó náà gbà á sínú méjèèjì tirẹ̀, ó sì pe Bọ́sẹ̀dé kó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Kò tẹjú mọ́ ògiri lọ́tẹ̀ yìí. Ojú Làsísì ló ń wò.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "níbi iṣẹ́ tí èmi àti ọmọ yìí ti kọ́kọ́ pàdé, ẹni tó bá fẹ́ fa nǹkan léni lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ àbùkù tó wà níbẹ̀. Ọmọ mi kò ní àbùkù. Ilé tó ti wá ló ní, èmi sì ni." Ohùn rẹ̀ já, ó tún un mú. "Ìka tí ẹ kò rí lọ́wọ́ ọkọ ọmọ mi yìí, èmi ni mo so wáyà tó mú wọn lọ. Ọmọdé ni nígbà náà. Mo gbé àpò mi, mo lọ sílé, n kò sọ fún un. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní mo ṣe áńdófà fún un. Irọ́ ni mo pa, Làsísì. N kò ṣe é."